Áásù olódidi lábẹ́ 4Runner àtijọ́: ẹ bèèrè, a dáhùn

Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà yín dá lé lóṣù yìí: bí a ṣe ń yọ ẹsẹ̀ iwájú tí táyà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń dá lọ dá bọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní IFS, kúrò lábẹ́ Toyota àtijọ́, tí a ó sì fi áásù olódidi, irin gbọọrọ kan tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, rọ́pò rẹ̀ nílé. Mọ́tò tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni 4Runner àti píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe láti 1986 sí 1995. Lọ́jà Amẹ́ríkà, àwọn tó ṣáájú wọn ní áásù olódidi láti iléeṣẹ́, títí kan 4Runner 1984 àti 1985. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi ṣeé ṣe: aṣọ ẹ̀gbọ́n ni àbúrò fẹ́ gbà wọ̀, kìkì ká tún ibi tí kò bá a mu rán ló kù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. 4Runner 1988 ni mò ń lò níbí ní Houston, ẹ́ńjìnnì 22RE, gíà ọlọ́wọ́. IFS rẹ̀ ti gbó, mo sì fẹ́ fi áásù olódidi sí i nínú gáréèjì mi. Mo ní ẹ̀rọ ìjórin MIG, gíráíńdà àti jáàkì ńlá méjì. Kí ni kí n rà, ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Áásù píkọ́ọ̀pù Toyota 1979 sí 1985, tàbí ti 4Runner 1984 àti 1985, ni kí ẹ wá. Apá ọ̀tún ni dífù rẹ̀, orí áásù tí gíà tó ń yí táyà wà nínú rẹ̀, wà. Apá ọ̀tún náà ni tiránsífà yín, àpótí gíà kékeré tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn, ti ń yọ ọwọ́ síwájú. Nítorí náà pírópẹ́là á lọ tààrà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé áásù tí dífù rẹ̀ wà lápá òsì wá, ẹ má gbà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Irú ìyẹn wà fún mọ́tò tí tiránsífà rẹ̀ kọjú sósì, bíi Tacoma àkọ́kọ́.

Ẹ má ra áásù níhòòhò. Ẹ gbà á pẹ̀lú oríkèé sítíárì méjèèjì (irin tí táyà fi ń yí sọ́tùn-ún sósì), ọ́bù, dísìkì, kálípà, táírọ́ọ̀dù àti pẹlẹbẹ irin tí yúbóòtù, bóòtù tó tẹ̀ bíi U, ń gbà kọjá. Ohun wẹ́wẹ́ tí ẹ bá fojú di lọ́jọ́ ìrajà ló máa ń jẹ owó jù lẹ́yìn ọ̀la. Lẹ́yìn náà, ẹ óò nílò sípíríǹgì oníbíléèdì méjì tó máa gbé iwájú sókè ní nǹkan bí íǹṣì 4, ìkọ́ iwájú fún sípíríǹgì, páìpù tí ṣákù ẹ̀yìn (irin tó ń jẹ́ kí ìdí sípíríǹgì lè lọ síwá sẹ́yìn) máa rọ̀ mọ́, yúbóòtù tuntun mẹ́rin, irin pẹlẹbẹ mìlímítà 5 láti fi bo férémù, apá sítíárì gíga méjì fún orí oríkèé, ṣọ́ọ̀kù méjì àti ilé wọn, rọ́bà bíríìkì gígùn, àti àpò bẹ́rìn pẹ̀lú ọ́ìlì síìlì tuntun fún oríkèé méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lo ilé ṣọ́ọ̀kù Ford F-250, ó sì dára gan-an, nítorí ó ga, irin rẹ̀ sì le. Àpótí sítíárì tó wà lára mọ́tò yín wúlò. Ẹ má tà á.

Fífẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Áásù àtijọ́ yìí fi nǹkan bí íǹṣì 3 dín sí áásù tó wà lẹ́yìn mọ́tò yín. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, táyà iwájú kò ní tẹ ojú kan náà pẹ̀lú tẹ̀yìn nínú ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn. Ẹ lè fi ìfẹ̀ irin tó nípọn tó mìlímítà 38 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ fi ọ́bù IFS yín sórí áásù náà, nítorí ọ́bù yẹn ń ti táyà jáde ní ìwọ̀n kan náà. Ọ́bù ni àwa fara mọ́. Kò fi nọ́ọ̀tì tuntun kún èyí tí ẹ óò máa yẹ̀ wò, ó sì ń jẹ́ kí ẹ lè lo bíríìkì tó tóbi jù.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má gé nǹkankan. Ẹ gbé mọ́tò sórí kọnkéré tó tẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ táyà pé. Ẹ fi téèpù wọn àárín ọ́bù iwájú sí àárín ọ́bù ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ wọn ilẹ̀ sí férémù níbi mẹ́rin. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri, kì í ṣe sórí bébà tí ọ́ìlì máa bà jẹ́. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni ẹlẹ́rìí yín nígbà tí iwájú bá ti di ihò gbayawu.

Ọ̀pá tọ́ṣọ̀n ló kàn, irin gígùn méjì tó ń fi lílọ́ ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì. Ẹ lọ sí ìdí rẹ̀ lẹ́yìn, kí ẹ máa dẹ bóòtù tó fún un pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí apá rẹ̀ fi rọ̀ pátápátá. Ẹ má gbé gíráíńdà sún mọ́ ọn kó tó rọ̀. Agbára tó ká mọ́ inú irin yẹn dà bíi ti takúté tí wọ́n ti dẹ: ó lè ṣẹ́ èèyàn lápá, ó sì lè gbẹ̀mí. Nígbà tí ó bá ti rọ̀ ni ẹ ó tó yọ ọ̀pá kékeré tó ń lọ sí táyà, dífù, àti apá òkè òun ìsàlẹ̀.

Kí ẹ tó gé irin ìdábùú tí apá ìsàlẹ̀ so mọ́, ẹ jó ọ̀pá irin kan láti férémù ọ̀tún sí tòsì kí ó dì wọ́n mú. Irin ìdábùú yẹn ló ń mú férémù méjèèjì dúró. Bí ẹ bá gé e láìsí ohun tó gbà á dúró, férémù á ṣí sílẹ̀ tàbí kó fún pọ̀, ìkọ́ sípíríǹgì kò sì ní dọ́gba mọ́ láéláé. Ẹ tú orí bátìrì méjèèjì, ẹ yọ ẹnu wáyà kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì gbé páìpù epo àti ti bíríìkì kúrò níbi tí iná máa dé. Tí ẹ bá ń gé ìdí apá àtijọ́, ẹ fi bíi mìlímítà 3 sílẹ̀ lára férémù, kí ẹ wá fi gíráíńdà lọ ìyókù díẹ̀díẹ̀. Férémù yìí tinrin. Ẹni tó bá sáré lọ̀ ọ́ á jẹ ẹ́ wọnú.

Irin mìlímítà 5 tí ẹ máa fi bo férémù, ẹ má gé orí rẹ̀ ní igun mẹ́rin. Ẹ gé e bí ìrù ẹja tàbí kó dagun, kí ojú ìjó má baà gba férémù kọjá lóòró gbọnrangandan. Etí ibi tí iná dé ni férémù ti máa ń sán. Bí etí náà bá wà lójú kan láti òkè délẹ̀, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín fa ìlà tí yóò bá ṣẹ́.

Ó wá di àkókò láti dán áásù wò sí àyè rẹ̀. Ẹ gbé áásù sábẹ́ mọ́tò pẹ̀lú sípíríǹgì rẹ̀. Ẹ sún un síwájú ní nǹkan bí mìlímítà 25 ju ibi tí ọ́bù IFS wà lọ, kí táyà ńlá má baà máa gé ẹ̀yìn mọ́gáàdì tí ẹ bá yí sítíárì dópin. Ìkọ́ tí kò yí ní iwájú, ṣákù ní ẹ̀yìn. Ẹ fi iná tákù wọn, ìyẹn ìjó díẹ̀ tó ṣì ṣeé tú, ní ibi mẹ́rin mẹ́rin péré. Ìjókòó sípíríǹgì tó wà lórí áásù, ẹ má tíì jó o rárá. Ẹ jẹ́ kó lè yí. Ẹ wá sọ mọ́tò kalẹ̀ pátápátá: ẹ́ńjìnnì, bọ́ńpà, epo nínú táǹkì, gbogbo ẹrù tó máa ń gbé. Ìdí ṣákù gbọ́dọ̀ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, torí tí sípíríǹgì bá tẹ́ nígbà tí táyà bá gun òkè, ṣe ló máa ń gùn sí i, ṣákù ló sì ń fún un láàyè. Ṣákù tó bá dúró ṣánṣán tàbí tó kọjú síwájú kò ní jẹ́ kó tẹ́.

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ náà ti ń yè tàbí kú. Kásítà ni bí orí oríkèé ṣe fẹ̀yìn tì ju ìdí rẹ̀ lọ. Òun ló ń jẹ́ kí sítíárì fúnra rẹ̀ padà sáàárín. Dígíríì 3 sí 5 ni kí ẹ wá. Ẹ gbé ìwọ̀n igun lé ojú pẹlẹbẹ orí oríkèé níbi tí apá sítíárì ń jókòó sí, kí ẹ máa yí áásù títí ẹ ó fi dé e. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń yí orí oríkèé sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ni imú dífù ń wo ilẹ̀, torí ara kan náà ni wọ́n jọ wà. Bí imú bá wolẹ̀ jù, igun pírópẹ́là á le, ìdè rẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì tètè jẹ. Tí mọ́tò kò bá ga ju íǹṣì 4 lọ, ẹ ṣì lè rí ibi tí àwọn méjèèjì ti gbà. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, ẹ kò ní rí i. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń ṣe nígbà náà ni kí wọ́n gé ojú ìjó tó mú bọ́ọ̀lù oríkèé, orí rìbìtì tí oríkèé ń yí lé, mọ́ páìpù áásù, kí wọ́n yí i, kí wọ́n sì tún un jó. Ẹ gbé ìyẹn fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè di áásù mú gbọọrọ. Kì í ṣe iṣẹ́ gáréèjì.

Nígbà tí kásítà bá ti dé, ẹ tákù ìjókòó sípíríǹgì mọ́ áásù. Ẹ fi téèpù wọn ọ́bù sí ọ́bù lápá méjèèjì, kí ìyàtọ̀ má ju mìlímítà 3 lọ. Ẹ yọ sípíríǹgì, kí ẹ fi jáàkì gbé áásù títí yóò fi kan ibi tó ga jù tó lè dé, kí ẹ yí sítíárì dópin lápá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo àyè tó wà láàárín orí dífù àti àwo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, àti láàárín ọ̀pá sítíárì àti férémù. Ibi tí irin bá ti fẹ́ kan irin ni kí ẹ ti gbé rọ́bà ìdènà sí, kí wọ́n tó kanra.

Àpótí sítíárì ló kù. Ẹ gbé e sí ibi tí ọ̀pá tó ti apá rẹ̀ lọ sí orí oríkèé ọ̀tún máa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá áásù dọ́gba lórí ìlà. Bí ọ̀pá yẹn bá dagun jù, gbogbo kòtò tí ẹ bá bọ́ sí ni sítíárì á fi yí ara rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ihò bóòtù tí ẹ gbẹ́ sára férémù, ẹ ki páìpù irin bọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì jó páìpù náà lójú méjèèjì. Inú férémù ṣófo. Tí ẹ bá kàn fún bóòtù lásán, férémù á wọnú, bóòtù á dẹ̀, àpótí á sì máa mì títí yóò fi sán.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ẹ tó tú áásù kúrò kí ẹ jó ohun gbogbo parí, mìlímítà 25 sí 30 lẹ́ẹ̀kan, láti apá kan bọ́ sí èkejì, kí iná má baà lọ́ páìpù. Yúbóòtù tuntun ni kí ẹ lò; ẹ fi sípánà tó ń wọn agbára fún un dé 120 Nm nígbà tí mọ́tò bá wà lórí táyà rẹ̀, kí ẹ sì tún un fún lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún máìlì àkọ́kọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán o. Ìbàdàn ni mo wà. Kò sí píkọ́ọ̀pù 1985 ti Amẹ́ríkà ní tòsí mi. Áásù wo ni mo lè lò? Wẹ́dà tó wà ládùúgbò wa ní electrode gauge 12 tí òun fi ń jó géètì tó.

ÌDÁHÙN: Ẹ kò nílò ti Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn òde Amẹ́ríkà, Toyota ń ta Hilux 4x4, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fà, tó ní áásù olódidi níwájú títí di 1997. LN106 wà lára wọn. Ẹ wo inú tókunbọ̀ Hilux àtijọ́ ní Ladipo ní Mushin, tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń tú Hilux iléeṣẹ́ ìkọ́lé. Fífẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ gbé téèpù dání, ẹ wọn láti ojú tí rímù ń jókòó sí lápá kan dé èkejì kí ẹ tó sanwó, kí ẹ fi wé áásù ẹ̀yìn yín. Ẹ fi ọwọ́ yí dífù náà wò. Ẹ fi ìka kó gíríìsì inú bọ́ọ̀lù oríkèé: tó bá nípọn, tó dúdú, tó fà, ó dára. Tó bá ṣàn bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi lé, ọ́ìlì síìlì inú ti jẹ, ọ́ìlì dífù sì ti wọ inú gíríìsì. Ìyẹn kò burú tó láti kọ áásù, ṣùgbọ́n owó síìlì àti bẹ́rìn gbọ́dọ̀ kúrò lórí iye tí wọ́n pè.

Ti wẹ́dà yín: rárá o. Gauge 12, tó jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 2.5, irú 6013, dára fún géètì, fún ìkànsí ilẹ̀kùn àti fún irin ojú fèrèsé tó ń dènà olè. Férémù ń lọ́, ó ń mì, ó ń gba ìlù. 7018 ni kí ẹ lò, gauge 10, ìyẹn mìlímítà 3.25. Bí kò bá gbẹ, kò wúlò: tí páálí rẹ̀ bá ti ṣí sílẹ̀ lákòókò òjò, omi ti wọ ẹ̀wù rẹ̀, ojú ìjó á sì ní ihò wẹ́wẹ́ nínú, kódà kó dán lójú. Páálí tuntun ni kí ẹ ṣí lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹ̀rọ tiránsífọ́mà kékeré tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wẹ́dà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé 7018 dúró. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìjórin DC, tí iná rẹ̀ ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ni kí ẹ wá. Ẹ ní kó kọ́kọ́ jó irin mìlímítà 5 méjì pọ̀ níṣojú yín, kí ẹ fi òòlù ńlá tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ká. Bí irin bá tẹ̀ tí ojú ìjó kò là, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá là, ẹ dúpẹ́ pé orí tábìlì ló ti là.

ÌBÉÈRÈ: Ojú ọ̀dà ni mo ń rìn jù, láti Abẹ́òkúta sí Èkó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní áásù olódidi ló lágbára jù. Ṣé kí n ṣe é?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe é. Áásù olódidi wúlò fún ẹni tó ń gun àpáta, tó ń wọ inú igbó, tó nílò kí táyà kan rì sísàlẹ̀ kí èkejì lè gun òkè. Lójú ọ̀dà ó wúwo jù, sítíárì rẹ̀ kì í dùn, ara á sì máa ro yín dé Èkó. Ẹ fi owó yẹn pààrọ̀ búṣì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ọ̀pá tó ń tọ́ sítíárì àti ṣọ́ọ̀kù IFS yín. 4Runner yín á rìn bíi ti àná.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ti parí iṣẹ́ náà níbí ní Maryland. Mọ́tò ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá dé 45 máìlì ní wákàtí kan tí mo sì bọ́ sí kòtò kékeré, sítíárì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi títí mo fi máa dúró pátápátá.

ÌDÁHÙN: Ẹ má wà á mọ́ títí ẹ ó fi rí ìdí rẹ̀. Ohun tó kéré ló máa ń fà á, ó sì lè ju ẹyọ kan lọ. Ẹ tẹ̀lé ètò yìí, kí ẹ má fò.

Ẹ kọ́kọ́ wo táyà: ṣé wọ́n bálánsì rẹ̀, ṣé afẹ́fẹ́ dọ́gba, ṣé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò wú. Ẹ wá ní kí ẹnì kan jókòó síwájú, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kó máa yí sítíárì sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin wà lábẹ́. Gbogbo ibi tí irin kan ti ṣáájú èkejì rìn ni ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ tàbí fún. Ẹ gbé ọwọ́ lé ìkọ́ àpótí sítíárì nígbà yẹn. Bí férémù bá ń mí lábẹ́ ọwọ́ yín, ẹ ò ki páìpù bọ ihò bóòtù nìyẹn.

Tí gbogbo ìyẹn bá dára, ọ̀rọ̀ kan bẹ́rìn inú oríkèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi apá sítíárì gíga sí i ń da ṣímù nù, àwọn irin pẹlẹbẹ tínrín tó wà láàárín apá àti oríkèé. Ṣímù yẹn ló ń sọ bí bẹ́rìn ṣe máa fún tó: tó bá pọ̀ jù, bẹ́rìn á rọ̀, tó bá kéré jù, á gan. Kí ẹ tó di ọ́bù padà, láìsí ọ̀pá sítíárì àti láìsí síìlì ńlá ẹ̀yìn oríkèé, ẹ fi ìwọ̀n ẹja kọ́ orí apá sítíárì kí ẹ fà á gbọọrọ. Kílò 3 sí 6 ni ó yẹ kí ó gbà kí oríkèé tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí ó bá yí lábẹ́ kílò 1, ẹ ti rí ọ̀tá yín. Ẹ yọ ṣímù tínrín kan, kí ẹ tún un wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ pín in sókè àti sísàlẹ̀, nítorí ṣímù náà ló ń mú oríkèé sí àárín áásù; bí ó bá sún sí apá kan, ọ́ìlì síìlì inú á jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ́ìlì á sì tún rí ọ̀nà wọ inú gíríìsì.

Nọ́ọ̀tì apá sítíárì wọ̀nyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ fún wọn. Wásà olórí ṣóńṣó tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ń fún nọ́ọ̀tì, wásà á wọnú ihò, á sì di bóòtù mú lọ́nà tí apá kò fi ní sún. Bí ẹ bá fi wásà pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀, tàbí tí ìpẹtà bá wà nínú ihò, apá á máa jó díẹ̀díẹ̀, bóòtù á sì ṣẹ́. Láti yọ ọ́, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì títí yóò fi bá orí bóòtù dọ́gba, kí ẹ gbé irin idẹ lé orí bóòtù, kí ẹ fi òòlù lù ú ní ẹ̀ẹ̀kan tó le. Wásà á fò jáde bí ẹ̀pà láti inú èèpo. Ẹ nu ihò mọ́, kí ẹ fún un dé 96 Nm, kí ẹ tún un fún lẹ́yìn 500 máìlì. Ẹ má gbàgbé èyí tó kẹ́yìn.

Lẹ́yìn bẹ́rìn ni kásítà. Tí ó bá wà lábẹ́ dígíríì 2, ẹ fi wẹ́jì irin sáàárín sípíríǹgì àti ìjókòó rẹ̀, kí ẹ sì fún yúbóòtù padà. Ìdojúkọra táyà méjèèjì níwájú gbọ́dọ̀ fi mìlímítà 1 sí 3 dín sí ẹ̀yìn wọn. Ìdádúró sítíárì, ṣọ́ọ̀kù kékeré tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀, kì í wo àìsàn yìí sàn. Ó kàn ń pa á mọ́ ni, ìgbọ̀n á sì tún padà wá pẹ̀lú agbára.

ÌBÉÈRÈ: Dífù ẹ̀yìn mi jẹ́ 4.10, áásù tí mo rà jẹ́ 4.30. Wọ́n ní kò sí wàhálà tó bá jẹ́ inú ẹrẹ̀ nìkan ni mo ti máa lo 4x4. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe òótọ́. Iwájú àti ẹ̀yìn yóò máa bára wọn jà nínú tiránsífà, ohun tó bá rọ jù níbẹ̀ ló máa ṣẹ́. Ẹ mú kí méjèèjì dọ́gba. Ẹ ka eyín gíà ńlá lórí ti kékeré nínú dífù: 41 lórí 10 ni 4.10, 43 lórí 10 ni 4.30, 41 lórí 9 ni 4.56. Ohun tó dára ni pé dífù iwájú áásù yìí àti dífù ẹ̀yìn 4Runner sílíńdà mẹ́rin jẹ́ íǹṣì 8 kan náà, ẹ lè yọ dífù tó bá a mu láti ẹ̀yìn òmíràn kí ẹ fi síwájú. Tí ẹ bá fẹ́ gbé táyà íǹṣì 33, ẹ pààrọ̀ méjèèjì sí 4.88, tó jẹ́ 39 lórí 8. 22RE kò ní agbára tó fún nǹkan tó kéré sí i.

ÌBÉÈRÈ: Hilux Surf ni tèmi, sítíárì wà lápá ọ̀tún, London ni mo wà. Kí ló yí padà fún mi?

ÌDÁHÙN: Àpótí sítíárì àti dífù ti jọ wà lápá kan náà nìyẹn. Apá tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti àpótí á wà lókè orí dífù gan-an, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọn àyè nígbà tí áásù bá ga dópin. Kí ẹ tó gbé gíráíńdà lé férémù, ẹ kọ̀wé sí DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, àti sí iléeṣẹ́ ìdójútòfò yín, kí ẹ sì gba èsì wọn sórí ìwé.

ÌBÉÈRÈ: Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mọ́tò mi sókè, bíríìkì ẹ̀yìn kò mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Iwájú ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe afẹ́fẹ́. Fáàfù kan wà lókè áásù ẹ̀yìn, tó ní apá irin tó so mọ́ áásù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ bí ẹrù ẹ̀yìn ṣe wúwo tó: tí ẹrù bá pọ̀, férémù á sún mọ́ áásù, fáàfù á sì fún bíríìkì ẹ̀yìn ní agbára púpọ̀, tí kò bá sí ẹrù, á dín in kù kí táyà ẹ̀yìn má baà tì. Ẹ ti gbé férémù sókè, ó sì rò pé mọ́tò ṣófo nígbà gbogbo. Ẹ fi irin kékeré gbé ìdí apá rẹ̀ lórí áásù sókè ní ìwọ̀n kan náà tí ẹ fi gbé mọ́tò. Ẹ lọ dán an wò níbi tí kò sí ọkọ̀: tí ẹ bá tẹ bíríìkì pa, táyà iwájú ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tì. Bí ẹ̀yìn bá ti ṣáájú, ẹ sọ apá náà kalẹ̀ díẹ̀.

Níwọ̀n bí ẹ ti wà lábẹ́ mọ́tò, ẹ wo rọ́bà bíríìkì iwájú pẹ̀lú. Ẹ gbé férémù títí táyà fi rọ̀ pátápátá, ẹ yí sítíárì dópin sọ́tùn-ún, lẹ́yìn náà sósì. Rọ́bà kò gbọ́dọ̀ nà tán, kò sì gbọ́dọ̀ kan táyà. Bákan náà ni rọ́bà tó ń jẹ́ kí áásù mí: ẹ fà á gòkè dé inú ibi ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá dí, ooru á fẹ́ afẹ́fẹ́ inú áásù, afẹ́fẹ́ náà á sì ti ọ́ìlì gba ojú síìlì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.